Lẹ́tà ṣíṣí sí Àjọ Ìlera Àgbáyé: Ẹ pe àwọn tó ń bá ẹyẹ gbé sí ìdí abẹ́rẹ́ flu tí ẹ ń wá

Sí Olùdarí Àgbà àti gbogbo ìgbìmọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní Geneva. Àti sí gbogbo ẹ̀yin onímọ̀ tí ẹ ń wá abẹ́rẹ́ àjẹsára kan ṣoṣo tí yóò kápá gbogbo ẹ̀yà àrùn flu.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá, ẹ kú àìsùn. Dókítà ẹranko ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, láàárín àwọn olùsìn adìyẹ. Ọ̀rọ̀ flu kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ lókèèrè. Mo fi Yorùbá kọ lẹ́tà yìí kí èmi àti àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n lè jọ kà á. Àwọn ọmọ wa tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ní Geneva, ní Bethesda àti ní Atlanta kò kéré níye. Wọn á túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Ohun kan ni mo wá bẹ̀ yín fún. Abẹ́rẹ́ tí ẹ fẹ́ kó kárí ayé yìí, ẹ má ṣe ṣe é parí láì jẹ́ pé àwọn ènìyàn tó gbà pé ẹyẹ, ẹran, omi àti ọmọ aráyé jọ jẹ ara wọn ní gbèsè wà nídìí rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ pè wọ́n wá ṣàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé, kí ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú wọn, kí ẹ sì ní ó dàbọ̀. Mo ní kí wọ́n lóhùn sí ohun tí ẹ ó wádìí, sí ibi tí ẹ ó ti wádìí rẹ̀, àti sí ọ̀nà tí owó ìwádìí yóò gbà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn tó ń kà á nílé, ẹ̀yin ti mọ èyí. Kòkòrò flu ní nǹkan kan lára tó fi ń dì mọ́ ọ̀nà ọ̀fun wa. Ó rí bí olú: orí rẹ̀ gbòòrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Hemagglutinin ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Orí yẹn ni ọmọ ogun ara wa máa ń kọ́kọ́ rí, òun náà sì ni abẹ́rẹ́ tó wà nílẹ̀ lónìí ń kọ́ ara láti bá jà. Àmọ́ orí náà kì í dúró sójú kan. Ọdọọdún ló ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn, kòkòrò ti ẹyẹ, ti ẹlẹ́dẹ̀ àti ti ènìyàn á pàdé nínú ara ẹran kan, wọn á pààrọ̀ ẹ̀yà ara, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí á sì jáde síta. Irú pípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ ló fa àjàkálẹ̀ 1957, ti 1968 àti ti 2009. Ìdí nìyí tí WHO fi ń jókòó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹsàn-án, láti pinnu èyí tí abẹ́rẹ́ àsìkò tó ń bọ̀ máa dojú kọ. Ọdún tí ìpinnu yẹn bá bọ́ sí i, abẹ́rẹ́ náà ń dín àìsàn kù ní ìwọ̀n 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀, ìṣirò tiyín fúnra yín sọ pé flu ń pa ènìyàn 290,000 sí 650,000 lọ́dọọdún káàkiri ayé.

Ọ̀pọ̀ yín ti wá fi orí olú náà sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ dojú kọ, nítorí ẹsẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Florian Krammer, Peter Palese àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Mount Sinai, ní New York, ti dán èyí wò lára ènìyàn. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2020 fi hàn pé ara àwọn tó gbà á gbé ogun dìde sí ẹsẹ̀ náà lóòótọ́. Ní 2022, Scott Hensley àti àwọn tirẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania kó ogún ẹ̀yà, 18 ti flu A àti méjì ti flu B, sínú abẹ́rẹ́ mRNA kan, irú èyí tó ń fún ara ní ìlànà láti fúnra rẹ̀ pèsè ẹ̀yà ara kòkòrò, ó sì ṣiṣẹ́ lára eku àti ferret, ẹranko kékeré tí wọ́n sábà fi ń dán flu wò. Ní oṣù Karùn-ún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde 500 mílíọ̀nù dọ́là fún ọ̀nà mìíràn, èyí tó ń lo odidi fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti pa. Àwọn kan ti gbìyànjú ṣáájú, wọ́n sì já kulẹ̀: abẹ́rẹ́ M-001 ti ilé iṣẹ́ BiondVax dé ìpele ìdánwò tó kẹ́yìn, kò sì lè ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ní 2020. Ẹ ò kúrò nídìí iṣẹ́ náà síbẹ̀, mo sì yìn yín.

Èmi náà gbà pé ó ṣeé ṣe. Ohun tó jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀ ni àbájáde kan tí wọ́n tẹ̀ ní 2008, nípa àgbàlagbà 32 tí àjàkálẹ̀ 1918 bá láyé. Ẹni tó kéré jù nínú wọn ti pé ọdún 91. Ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì dá kòkòrò 1918 mọ̀, ó ṣì ń bá a jà, lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún! Bí ara bá lè rántí tó báyìí, kò yẹ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni rọ.

Ṣùgbọ́n ta ló gbé kòkòrò 1918 náà lé yín lọ́wọ́?

Abúlé kan wà létí òkun ní Alaska, Brevig Mission ni wọ́n ń pè é. Àwọn Iñupiat, ọmọ onílẹ̀ Alaska, ló ni ín. Ní oṣù Kọkànlá 1918, láàárín ọjọ́ márùn-ún péré, flu pa 72 nínú 80 àgbàlagbà tó wà níbẹ̀. Inú ihò kan ṣoṣo ni wọ́n sin gbogbo wọn sí, nínú ilẹ̀ tó máa ń dì gbagidi tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Ní 1951, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Sweden, Johan Hultin, tó ń kàwé ní Yunifásítì Iowa, wá bá àwọn àgbà abúlé, ó tọrọ àyè, wọ́n sì jẹ́ kó ṣí ilẹ̀ náà. Ó gbìyànjú láti jí kòkòrò náà nínú ẹyin adìyẹ, kò jí. Ó di 1997, Hultin ti pé ọmọ ọdún 72, ó ka ohun tí onímọ̀ kan, Jeffery Taubenberger, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa kòkòrò 1918, ó sì kọ̀wé sí Taubenberger pé òun mọ ibi tí òkú wà. Ó padà lọ. Ó tún tọrọ àyè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ abúlé. Obìnrin kan tó sanra wà nísàlẹ̀. Ọ̀rá ara rẹ̀ àti yìnyín ilẹ̀ náà ti tọ́jú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Hultin sọ ọ́ ní Lucy. Láti inú ẹ̀dọ̀fóró yẹn ni wọ́n ti rí odidi àkọsílẹ̀ kòkòrò náà, wọ́n parí rẹ̀ ní 2005, onímọ̀ kan ní CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn, ní Atlanta, Terrence Tumpey, sì tún un kọ́ láàyè nínú yàrá ìwádìí.

Ẹ bá mi dúró nídìí ìyá yẹn ná. Ó ní orúkọ tí wọ́n ń pè é kí yìnyín tó gbà á, kì í ṣe Lucy. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ ṣí ilẹ̀ òkú yóò kọ́kọ́ bi ọmọ olóòkú, yóò bi àgbà ìdílé, yóò sì mọ ohun tí òun máa fi dí ilẹ̀ náà padà. Hultin ṣe dáadáa, mo fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Ó bèèrè, ó dúró de ìdáhùn, nígbà tó sì ṣe tán, ó gbẹ́ àgbélébùú igi ńlá méjì, ó rì wọ́n sórí sàréè náà nítorí pé àwọn ti àtijọ́ ti lọ. Àmọ́ ọkùnrin kan ló ṣe èyí, láti inú ìwà rẹ̀. Kò sí òfin tó ní kó ṣe é. Orúkọ abúlé náà sì ti lẹ̀ mọ́ kòkòrò náà títí dòní: A/Brevig Mission/1/1918 ni ẹ ń kọ sínú ìwé yín. Gbogbo ẹni tó bá ń wádìí ohun tó mú kí flu burú tó bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ nínú ohun tí abúlé yẹn fi sílẹ̀.

Ẹ ò lè gba ara òkú wọn kí ẹ fi ọgbọ́n wọn sílẹ̀.

Kí ni àwọn Iñupiat mọ̀ nípa ẹ̀dá? Wọ́n gbà pé ẹran ní ẹ̀mí tó gbọ́n, pé fúnra rẹ̀ ló ń fi ara rẹ̀ fún ọdẹ tó bá mọ ọ̀wọ̀, pé ẹni tó bá fi ẹran ṣòfò tàbí tó bá fìyà jẹ ẹ́, ẹran kò ní padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọdẹ wọn bá pa seal, ẹran inú omi iyọ̀, obìnrin ilé á bu omi tútù tí kò níyọ̀, á sì dà á sí ẹran náà lẹ́nu kó tó kun ún, nítorí òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́ láti òkun wá. Ẹ ronú sí i. Ẹni tó lè fún ẹran tó ti kú lómi mu, yóò mọ̀ bí ẹran tó wà láàyè bá yí ìrìn padà. Yóò mọ̀ bí ẹyẹ bá pẹ́ kó tó dé. Yóò mọ̀ bí pẹ́pẹ́yẹ igbó bá ń yí lórí bí ẹni tó mutí.

Kì í sì í ṣe mímọ̀ lásán. Láti 2012 ni Alaska Native Tribal Health Consortium ti dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LEO Network, níbi tí ará abúlé ti ń jábọ̀ ohun àjèjì tí ojú wọn bá rí: ẹyẹ tó kú jọ sí etíkun, ẹja tí ara rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, yìnyín tó yọ́ ṣáájú àsìkò. Alaska ni ẹyẹ tó ń bọ̀ láti Éṣíà àti èyí tó ń bọ̀ láti gúúsù Amẹ́ríkà ti ń pàdé. Ní 2023, béárì funfun kan kú níbẹ̀, nítòsí Utqiaġvik, àyẹ̀wò sì fi hàn pé flu ẹyẹ H5N1 wà lára rẹ̀, èyí tí wọn kò rí rí lára irú ẹran bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ìlú bẹ́ẹ̀ ni ojú ayé. Ibo ni àga wọn wà ní ìpàdé oṣù Kejì yín?

Ohun tí àwọn Iñupiat ń wí kò ṣàjèjì sí wa. Nínú ìtàn tí a ń sọ ní Ilé-Ifẹ̀, omi ló bo gbogbo ayé, ẹsẹ̀ adìyẹ ló sì tan ilẹ̀ káàkiri. Adìyẹ ti wà lórí ilẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ wa tó kàn án. Ọdẹ tiwa a máa ki ẹran nínú ìjálá, a máa ki erin, a máa ki ẹfọ̀n, bí ẹni ń ki ọba. Àwọn ẹran ńlá kan sì wà tí ọdẹ kò gbọdọ̀ pa kó má ṣe ètùtù. Àwọn àgbà tún wí pé adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Gbogbo ohun tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ nípa àrùn tó ń ti ara ẹran bọ́ sára ènìyàn wà nínú òwe yẹn. Pẹ́pẹ́yẹ igbó ti ń gbé kòkòrò flu kiri nínú ìfun rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe é ní nǹkan. Ìgbà tí kòkòrò flu ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní H5 àti H7 bá bọ́ sí àárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún adìyẹ tí a há mọ́ inú ilé kan, tí ìyẹ́ ọ̀kan ń nu ìyẹ́ èkejì, níbẹ̀ ló ti ń sọ ara rẹ̀ di apani. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Àwa ni a kó wọn sínú àgò.

Abẹ́rẹ́ yín, bó ti wù kó dára tó, apá ènìyàn ló máa wọ̀. Kò ní wọ inú àgò yẹn. Kòkòrò náà á ṣì máa yí padà níbẹ̀, á máa dán wa wò lójoojúmọ́. Láti oṣù Kẹta 2024 ló ti wọ inú màlúù tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ibi tí yàrá ìwádìí pọ̀ sí gan-an. Ẹ ò lè sọ pé ẹ ò rí i.

Mi ò sọ pé kí àgbo rọ́pò abẹ́rẹ́. Mo mọ ohun tí 1918 ṣe nílẹ̀ wa. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni ọkọ̀ ojú omi SS Bida gúnlẹ̀ sí Èkó láti Accra, àrùn náà sì bá a wọlé. Àwọn ènìyàn sá fún wọléwọlé, wọ́n sá kúrò ní Èkó, rélùwéè gbé àrùn náà wọ àárín ìlú. Kí ó tó rọlẹ̀, ó ti pa tó ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ní Nàìjíríà, nígbà tí gbogbo wa kò ju mílíọ̀nù 18 lọ. Lùkúlùkú ni àwọn bàbá wa pè é. Babaláwo ṣe títí, oníṣègùn òyìnbó ṣe títí. Ìgbà yẹn náà ni ẹgbẹ́ aládùúrà kan dìde ní Ìjẹ̀bú-Òde, lábẹ́ J. B. Sadare àti arábìnrin olùkọ́ kan, Sophia Odunlami, tí flu ti dá dùbúlẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó ń ní kí àwọn ènìyàn gbàdúrà kí wọ́n sì lo omi òjò. Inú rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì CAC ti ṣẹ̀ wá. Bí ọwọ́ bá ṣófo, ohun tó bá wà nítòsí ni ènìyàn máa ń dì mú. Mo fẹ́ abẹ́rẹ́ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo kàn fẹ́ kí ó bá ohun tí a mọ̀ rìn pọ̀ ni.

Ẹ wo ohun tí à ń rí nídìí iṣẹ́ wa. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí H5N1 ti fara hàn, ní oṣù Kejì 2006, nínú oko adìyẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Ó tún padà wá ní 2015. Ìlànà tí wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́ láti òkèèrè kò ju kí a pa gbogbo adìyẹ oko náà, kí a sin wọ́n, kí a fi oògùn fọ ilẹ̀, kí owó gbà-má-bínú sì tẹ̀lé e. Owó yẹn kì í yá. Màmá kan tó ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin lẹ́yìn ilé rẹ̀ pè mí wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan. Ogbe orí àwọn adìyẹ náà ti ń dúdú bọ̀, ojú wọn wú, àwọn kan ti nà gbalaja sílẹ̀. Mo ní kí a ránṣẹ́ sí ìjọba. Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní:

"Dókítà, mo gbọ́. Àmọ́ bí mo bá pè wọ́n, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa pa. Owó àjọ ni mo fi ra oúnjẹ wọn. Ta ló máa bá mi dá owó àjọ padà?"

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó sì gbà. Ọ̀pọ̀ kì í gbà. Òru ni wọ́n máa ń kó adìyẹ wọn lọ sọ́jà, ilẹ̀ á sì mọ́ bá a nínú omi gbígbóná lọ́dọ̀ àwọn tó ń tu ìyẹ́, láìsí ìbọ̀wọ́, tí ọmọ ìkókó wà lẹ́yìn wọn. Ẹ̀rọ tó ń ka àkọsílẹ̀ kòkòrò kò lè rí ohun tí màmá yẹn rí. Kò sì lè rí i láé, àfi bí òun bá jẹ́ ara yín.

Ọ̀rọ̀ ọjà yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò jù. Láyé àtijọ́, ọjà wa kì í ṣe ojoojúmọ́. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni a ń ná ọjà ọrún. Bí ọjà bá tú, ó tú nìyẹn: adìyẹ tí wọn kò rà á bá ẹni tó gbé e wá padà sílé, wọ́n á gbá ilẹ̀, òòrùn á pa á, kò sí ohun ọ̀sìn tó ń sùn síbẹ̀ mọ́jú. Kì í ṣe nítorí flu ni wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà ni wọ́n fi fún ilẹ̀, fún ọ̀nà àti fún ènìyàn. Lónìí, ọjà adìyẹ wa kì í sinmi, àgò kì í ṣófo, àwọn tuntun ń bọ́ sórí ìgbẹ́ àwọn tó ti lọ. Ẹ̀yin ẹ mọ ohun tí Hong Kong ṣe. Ní 1997, H5N1 mú ènìyàn 18 níbẹ̀, ó pa mẹ́fà, ìjọba sì pa gbogbo adìyẹ ìlú náà, ó lé ní mílíọ̀nù kan. Láti 2001, wọ́n pa á láṣẹ pé kí gbogbo ọjà adìyẹ máa sinmi lọ́jọ́ kan lóṣù, kí wọ́n tà á tán, kí wọ́n fọ ibẹ̀, kó gbẹ. Kòkòrò flu tó wà nínú ọjà lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún fòfin de kí adìyẹ máa sun ọjà. Ohun tí Hong Kong fi òfin ṣe, bí wọ́n bá ní kí a máa ṣe é nílẹ̀ Yorùbá, ọwọ́ ọlọ́pàá kọ́ ni kó ti wá. Ẹ lọ bá Ìyálọ́jà. Ẹ lọ bá àwọn àgbà tó mọ ìṣirò ọrún. Ẹ bi wọ́n bí ọjà adìyẹ ṣe lè padà sí i, kí ẹ sì fi díẹ̀ nínú owó abẹ́rẹ́ wádìí rẹ̀ bí ẹ ti ń wádìí ferret: ẹ wọn kòkòrò tó wà nínú ọjà tó ń sinmi, ẹ fi wé èyí tí kì í sinmi. Ìwádìí gidi nìyẹn. Owó rẹ̀ kò tó ohun tí ìdánwò abẹ́rẹ́ kan ń ná yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ ohun tí a ń gbé fún yín àti ohun tí ẹ ń gbé fún wa. Ní ìparí 2006, Indonesia dáwọ́ fífi kòkòrò H5N1 ránṣẹ́ sí yín dúró. Siti Fadilah Supari, tó jẹ́ mínísítà ìlera wọn, sọ pé àwọn ń fúnni ní kòkòrò lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ẹlòmíràn ń fi ṣe abẹ́rẹ́, àwọn aláìsàn tó ni kòkòrò náà kò sì ní lè rà á. Ọ̀pọ̀ bú u. Àmọ́ ìjà yẹn ló bí àdéhùn PIP, ti ìmúrasílẹ̀ fún àjàkálẹ̀ flu, ní 2011, tó ní kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń jẹ nínú ètò náà máa dá nǹkan padà. Nínú àdéhùn àjàkálẹ̀ àrùn tí ẹ fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún 2025 pẹ̀lú, ẹ ṣèlérí pé nígbà àjàkálẹ̀, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún abẹ́rẹ́ àti oògùn yóò gba ọ̀dọ̀ yín kọjá sí ẹni tó nílò rẹ̀, ẹ sì fi ọ̀rọ̀ bí kòkòrò àti èrè rẹ̀ yóò ṣe máa rìn sílẹ̀ fún ìjíròrò mìíràn. Ìjọba ló ń bá ìjọba sọ gbogbo èyí. Abúlé kò sí níbẹ̀. Abuja lè fọwọ́ sí ìwé kí adarandaran tí wọ́n gba ayẹ̀wò lára ẹyẹ rẹ̀ létí omi Hadejia-Nguru má gbọ́ sí i láéláé. Washington lè fọwọ́ sí i, tàbí kó kọ̀, kí Brevig Mission má gbọ́.

Nítorí náà, nínú ìjíròrò yẹn àti nínú gbogbo ètò tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní kedere pé àdúgbò tí ayẹ̀wò ti wá, yálà lára ènìyàn, lára ẹyẹ tàbí nínú sàréè, ni a ó kọ́kọ́ bi. Pé èsì yóò padà sọ́dọ̀ wọn ní èdè wọn. Pé bí abẹ́rẹ́ akárí, èyí tó kápá gbogbo ẹ̀yà flu, bá dé, wọn kò ní san kọ́bọ̀. Ọmọ Brevig Mission kò gbọdọ̀ tò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni láyé fún abẹ́rẹ́ flu.

Fún ti ilẹ̀ wa, ẹ má ṣe ṣe ìdánwò yín ní ibi tí òtútù ti ń mú nìkan. Flu tiwa kì í dúró de òtútù, ó lè dé nígbàkígbà lọ́dún, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò sì sí nínú èyí tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó lè ṣe iṣẹ́ náà wà nílé: ẹ̀ka ìmọ̀ fáírọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìbàdàn, NVRI, ilé ìwádìí àrùn ẹran ní Vom, tó ti ń ṣe abẹ́rẹ́ ẹran láti ayé òyìnbó amúnisìn, ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní orúkọ ACEGID ní Ẹdẹ tó ń ka àkọsílẹ̀ kòkòrò àrùn bí ẹni ń ka ìwé. Ilé tí a ti ń ṣe abẹ́rẹ́ ènìyàn ní Yaba ti dákẹ́ láti 1991, ó ń dùn mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá. Bí abẹ́rẹ́ akárí bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí a mọ bí a ṣe ń pò ó.

Ìpàdé yín tó ń bọ̀ lórí flu ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe ọ̀kan nínú àwọn olùṣọ́ LEO láti Alaska. Ẹ pe ọdẹ kan. Ẹ pe obìnrin tó ń ta adìyẹ ní Bódìjà, ẹ wá ògbufọ̀ fún un, ẹ san owó ọjà tó máa pàdánù lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì fún un láyè láti sọ̀rọ̀ kí àwọn tó mú àwòrán ẹ̀rọ wá tó sọ tiwọn. Bí ẹ bá fẹ́, èmi yóò bá yín wá a.

Mo ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Dókítà ẹranko kan ní Ìbàdàn